Òkúta Méjì Tí Yìnyín Kọ́kọ́ Fi Sílẹ̀

Bouaké,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Rafíátù ọmọ mi, Àníkẹ́ tèmi nìkan,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní ilẹ̀ Uganda tí o wà yẹn. Mo fẹ́ kí o jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Bí o bá ń jẹun lọ́wọ́, jẹun tán ná. Bí o bá wà lórí òkè láàárín àwọn òkúta rẹ, fi í sápò títí wàá fi sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe ìwé à-ń-dúró-kà.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Ohùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù pọ́tábù, tí wàá sì máa fi mí rẹ́rìn-ín pé mò ń pariwo bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní, mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kó fò lọ. Mo fẹ́ kó wà nínú ìwé, kí o lè rí i kà lọ́jọ́ tí mi ò bá sí láti tún un sọ. Màá ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lónìí, kí ìwé fúnra rẹ̀ tó dé. Yorùbá tí ìyá mi àgbà fi pàṣán kọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi ń kọ ọ́. Ibi tí àmì bá ti yẹ̀, fojú fò ó, má ṣe tíṣà fún mi.

Ní ọjọ́ Àlàrùbá, mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, mò ń to bàsíà léra wọn, nígbà tí ohùn rẹ wọlé. Mo rò pé o fẹ́ béèrè bí orúnkún mi ṣe ń ṣe sí ni. O ní òkúta méje ni ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ mú láti orí òkìtì kan. O ní márùn-ún nínú wọn bá ohun tí ọ̀gá rẹ ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ mu, pé ìgbà báyìí ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí òkè náà. O ní méjì tó kù sọ pé yìnyín ti lọ ṣáájú ìgbà náà dáadáa. O ní ọ̀gá ní kí o yọ méjèèjì kúrò kí ìwé tó jáde lópin oṣù, àti pé o ṣì wà lórí ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò tíì fọwọ́ sí i pé o ti di tiwọn. Lẹ́yìn náà ni o rẹ́rìn-ín díẹ̀, o ní, "Màmá, màá yọ wọ́n. Ta ló máa mọ̀?"

Bàsíà tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀. Mo tún ohùn náà gbọ́, mo ní bóyá etí mi ló ń ṣe mí. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ tí mo bí ni, ohùn rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ, èmi náà ti sọ ọ́ rí, bákan náà, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àníkẹ́, kì í ṣe ìbínú ló kọ́kọ́ mú mi. Ẹ̀rù ni. Gbogbo ara mi tutù nínú oòrùn ọ̀sán, mo sì wá ibi jókòó sí.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ, iṣẹ́ rẹ yìí ò tíì yé orí mi tán títí dòní. Nígbà tí o wá dágbére fún wa, tí o sọ pé yìnyín wà lórí òkè kan ní ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́gangan ibi tí oòrùn ti ń ràn wá lórí, mo rò pé o fẹ́ fi mí ṣeré ni. Èmi tí mo ta yìnyín nínú ìlú yìí, tí mo mọ bí oòrùn ṣe ń jẹ ẹ́! Àfi ìgbà tí o fi àwòrán hàn mí, tí mo rí ọ nínú kóòtù tó nípọn bíi tìmùtìmù, tí yìnyín funfun wà lẹ́yìn rẹ, tí o sì ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè kan náà. Mo dì mọ́ fóònù náà.

O tún wá ní èyí tí mo rí yẹn, ìyókù ni. O ní nígbà òtútù ńlá ayé, ṣáájú baba ńlá ẹnikẹ́ni tí a mọ orúkọ rẹ̀, yìnyín yẹn ṣàn kúrò lórí òkè wá sínú àfonífojì, ó ń ti òkúta níwájú bí ìgbálẹ̀ ṣe ń ti ìdọ̀tí. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá sì dúró sí, ibẹ̀ ló ń fi òkìtì òkúta sílẹ̀ sí. Èmi ní ta ló wà níbẹ̀ tó fojú rí i. O ní òkúta ló wà níbẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló wọ̀ mí lára. O ní òkúta tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀ kò rí ojú ọ̀run. Ọjọ́ tí yìnyín bá ká kúrò lórí rẹ̀ ni ìtànṣán kan tí ojú ò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé e láti òkè, tí á máa fi àmì kékeré sínú rẹ̀, ọdún dé ọdún. Ẹ̀yin á wá lọ òkúta náà kúnná, ẹ ó wo bí àmì náà ti pọ̀ tó, ẹ ó sì mọ ìgbà tí yìnyín fi í sílẹ̀. Mo bú sẹ́kún lórí ẹní níjọ́ náà. O bi mí pé kí ló dé, mo ní èéfín ni. Kò sí ẹni tó dáná nínú ilé wa níjọ́ náà.

Ohun tó mú mi sunkún ni mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí. Bàbá rẹ kú láìgbọ́ ọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

O mọ Ìyá Onígíláàsì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, kí Ọlọ́run forí jì í. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Iṣẹ́ tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ni pé kó ra yìnyín, tí wọ́n ń pè ní gíláàsì níbí, gbọọrọgbọọrọ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, kó dì í sínú àpò kòkó, kó da ìyẹ̀fun igi láti ilé ìlagi bò ó, kó sì kó o lọ sí Marabadiassa lọ́jọ́ ọjà fún àwọn obìnrin tó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja. Òfin kan ló fún mi, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń kéwú: bí a bá ti di àpò tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí a ó fi dé ọjà. Yìnyín tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn lára, o ò lè bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Awakọ̀ rẹ̀ ni Sìáká, ọmọ ẹ̀yà Dioula kan tó ń gbé ní àdúgbò Broukro. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń wa mọ́tò bí ẹni tó gbé ẹyin, ó sì ti bá Ìyá Onígíláàsì ṣiṣẹ́ ṣáájú kí n tó dé.

Ọjọ́ kan dé tí ara Ìyá Onígíláàsì ò yá, ó ní kí èmi nìkan bá Sìáká lọ. Àníkẹ́, ó yẹ kó o rí bí mo ṣe múra. Mo wọ aṣọ tí kò jẹ mọ́ iṣẹ́ yìnyín rárá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ ní àdúgbò Dougouba, nílé ará Ògbómọ̀ṣọ́ wa kan. O mọ bí tiwa ti rí nílẹ̀ àjèjì: ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà ará ilé rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ láìjókòó, wọ́n á sọ ọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kí Sìáká yà síbẹ̀. Ó pè mí ní Tántì, bí wọ́n ti ń pe àǹtí níbí, ó ní yìnyín ń bẹ lẹ́yìn wa. Mo ní àdúrà nìkan ni n ó ṣe àmín sí.

Mo ṣe àmín tán, mi ò dìde. Wọ́n gbé omi gíńjà àti bísáàpù tí wọ́n fi òdòdó ìṣápá ṣe jáde, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹnìkan sì ní, "Ìyàwó Onígíláàsì wà níbí, a ó wá máa mu nǹkan gbígbóná?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Kí n má purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Ẹni tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, òun ni gbogbo agbo ń wò báyìí. Mo jáde lọ síbi mọ́tò, mo tú okùn àpò mẹ́ta ní àárín, mo gbọn ìyẹ̀fun igi dànù, mo fọ́ yìnyín fún wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n kì mí, wọ́n gbàdúrà fún mi. Mo fi ọwọ́ tó tutù di àpò náà padà láìdì í le, mo sì tún lọ jókòó.

Ó ku díẹ̀ ká dé Marabadiassa ni táyà kan jò. Kò pẹ́ rárá tí Sìáká fi pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọjà tí a ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, àwọn àpò ti wọlẹ̀ bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Ìdajì yìnyín ti lọ. Ẹja tí àwọn obìnrin yẹn ti rà sílẹ̀ bàjẹ́ lójú wa nínú oòrùn. Mo rí ìyá arúgbó kan tó ń da tirẹ̀ sínú igbó.

Àwọn ará ọjà ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹnu mi kàn là, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé táyà ló jò, pé Sìáká jẹ́ kí mọ́tò dúró sínú oòrùn títí. Sìáká wò mí.

Apẹja àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Bozo ni. Ó gun ẹ̀yìn mọ́tò, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò. Ó fa ìyẹ̀fun igi jáde, ó ti gbẹ, ó ti le bí èépá. Ó ní omi tó jáde lára yìnyín yìí kì í ṣe omi ìsinsìnyí, pé ó ti jáde, ó ti ṣàn lọ, ibi tó gbà sì ti gbẹ. Ó ní láti Bouaké ni yìnyín yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èmi fò sókè, mo ní kí ni apẹja mọ̀ nípa yìnyín. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, arúgbó náà sì sọ̀kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó bá tirẹ̀ lọ.

A padà dé Bouaké, Ìyá Onígíláàsì, tó mọ̀ pé ìsọmọlórúkọ wà lọ́jọ́ náà, ránṣẹ́ béèrè ní Dougouba bóyá mo pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo obìnrin tó mu bísáàpù tutù ní mi ò pẹ́ rárá, pé bí mo ṣe ṣe àmín ni mo gbéra. Bí ẹnu wọn ti pọ̀ tó, ọ̀kan náà ni wọ́n sọ. Gbogbo ẹ̀bi wá já lé Sìáká lórí. Ìyá Onígíláàsì gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú mi. Èmi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìborùn mi. Lálẹ́, mo sọ fún ara mi pé ta ló máa mọ̀.

Nígbà tí àìsàn tó gbé Ìyá Onígíláàsì lọ wọlé, èmi ni mo ń fún un lómi mu. Ó ní nínú gbogbo ẹni tó bá òun ṣiṣẹ́, Sìáká nìkan ló já òun kulẹ̀. Mo gbé ife náà sílẹ̀, mi ò là á lójú. Ó gbé irọ́ mi lọ sọ́run.

Ọmọ mi, ohun tí mo rí kọ́ nínú ìyẹn nìwọ̀nyí. Kì í ṣe ọgbọ́n ìwé.

Àkọ́kọ́, má ṣe ohun tí kò yẹ nítorí ojú tó ń wò ọ́. Yìnyín yẹn kì í ṣe tèmi, mo bù ú fún agbo kí agbo lè mọ̀ mí. Òkúta méjì yẹn náà kì í ṣe tìrẹ, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá rẹ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí wọ́n kà ọ́ mọ́ wọn. Mo mọ bí ó ti máa ń rí kí ènìyàn jẹ́ àjèjì láàárín ẹni tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìyìn tí o bá fi ohun tí kì í ṣe tìrẹ rà, wàá máa san án títí.

Èkejì, ọ̀pọ̀ ẹnu kọ́ ni òótọ́. Mo bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ kejì, o rántí, mo ní ṣé òkúta márùn-ún yẹn ò lè ju méjì lọ bí? O ní rárá, Màmá, méjì yẹn ló jókòó dáadáa lórí òkìtì, wọn ò mì. O ní àwọn márùn-ún wà lẹ́bàá ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yí ojú padà lẹ́yìn tí yìnyín lọ, kí ojú tí wọ́n ń fi han ọ̀run báyìí má jẹ́ ojú àkọ́kọ́. O tún sọ pé ọ̀gá rẹ ní méjì yẹn ló ti rí oòrùn níbòmíì kí yìnyín tó gbé wọn dé ibẹ̀. Ìyẹn náà lè rí bẹ́ẹ̀, èmi kì í ṣe onímọ̀. Ṣùgbọ́n Rafíátù, o mọ èyí tí o gbà gbọ́! O sọ ọ́ fún mi tán, síbẹ̀ o ní wàá yọ wọ́n. Èyí ló dẹ́rù bà mí jù. Bí ó bá jẹ́ pé o ò mọ̀ ni, ẹ̀rù kì bá tí bà mí.

Mi ò ní kí o bá ọ̀gá rẹ jà. Ẹni tó dàgbà jù ọ́ lọ ni, kí i dáadáa, kúnlẹ̀ bí ìkúnlẹ̀ bá wà nílùú yín. Sọ fún un pé kí ẹ kọ méjèèje. Bí ó bá ní ìdí tí méjì ò fi yẹ ní kíkà, kí ó kọ ìdí náà síbẹ̀ kí ayé rí i. Kí ìwọ náà kọ ohun tí o rí nípa ibi tí márùn-ún jókòó sí. Ẹni tó bá kà á lẹ́yìn wa ni yóò dájọ́. Ẹni tó sọ nǹkan tí kò dá a lójú, tó sì sọ pé kò dá òun lójú, kò purọ́. Ẹni tó gbé òkúta pamọ́ lẹ́yìn ni èké.

Ó tún ku kan. Má fojú kékeré wo ẹni tó fi ọwọ́ kan nǹkan. Apẹja yẹn ò lọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ki ọwọ́ bọ inú àpò, àwa tó kù ń pariwo lókè. Ìwọ lo gun òkè yẹn, o ní òjò pa ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí o tó rí òkúta kan gbẹ́. Ọ̀gá rẹ wà lẹ́nu tábìlì. Ohun tí ọwọ́ rẹ mọ̀, má jẹ́ kí ẹnu rẹ sẹ́ ẹ.

O sì ti sọ fún mi pé ìgbà tí yìnyín lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán. O ní bí ti ilẹ̀ oòrùn wa bá lọ ṣáájú ti àwọn ilẹ̀ òtútù, á jẹ́ pé ohun tó lé e yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ti ń rò, àti pé àwọn tó ń ṣírò bí ìyókù yóò ṣe lọ ń fi òdiwọ̀n tí kò pé ṣírò ni. Mi ò mọ̀ ọ́n jinlẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé àwọn kan ń mu omi nísàlẹ̀ òkè yẹn. Bí a bá purọ́ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ la ó dá lẹ́bi rẹ̀. Ojú mi ló ṣe.

Àwọn àgbà ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo ti ń pa òwe yìí fún ọ láti kékeré, n kò sì gbọ́ ọ létí ara mi. Ní ọjọ́ Àlàmísì, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo wọ tákísì, mo lọ sí Broukro.

Mo rò pé ó ti kú. Mo fẹ́ béèrè ibojì rẹ̀ ni. Wọ́n nawọ́ sí bàbá kan tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ẹni gbé òmíràn fún un, nítorí ọ̀rọ̀ náà tàn ká láàárín àwọn Anago, àwa Yorùbá ibí, tó ní mọ́tò, ó sì fi ẹrù rírù ní ibùdókọ̀ bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ mí kí n tó kí i. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá fún Tántì.

Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀ nínú eruku níwájú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: àpò mẹ́ta, bísáàpù, táyà, irọ́ mi. Ó fi mí sílẹ̀ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá fi èdè Dioula dá mi lóhùn pé òun mọ̀. Ó ní òun rí mi nínú dígí mọ́tò nígbà tí mò ń tú okùn.

Orí mi fò lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti rò pé ìfura lásán ló ní, tí mo sì ń sùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jà, kí ló dé tí kò sọ ọ́ níwájú Ìyá Onígíláàsì.

Ó ní, "O lóyún. Ìyá mi kọ́ wa pé a kì í dójú ti aboyún láwùjọ. Mo ní tó bá bímọ tán, á wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Àníkẹ́, ìwọ ni oyún náà. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, àní mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ, ṣùgbọ́n Sìáká ti rí i pé mò ń bì lójú ọ̀nà. Nítorí rẹ ló ṣe pa ẹnu mọ́, tó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo sọ ọ́ lórúkọ, ó ní òun ń retí mi. Ó ní lẹ́yìn ìgbà náà òun tún retí mi, títí òun fi ṣíwọ́.

Ó wá béèrè pé ṣé ọmọ náà yè. Mo ní ó yè, mo ní ó ti kàwé gan-an, ó wà lórí òkè kan ní ilẹ̀ jíjìn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo òkúta kó lè mọ ìgbà tí yìnyín lọ. Ó gbé táyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí títí, inú rẹ̀ sì dùn, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó dùn. Ó ní, "Ìyẹn ni pé kò fi ìwà jọ ọ́."

Pọ́tábù wà lọ́wọ́ mi, ohùn rẹ sì wà nínú rẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn Jímọ̀, mo ní kí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó fún mi. Àwọn ọmọ Ìyá Onígíláàsì wà níbẹ̀, àwọn tó ṣẹ́kù nínú àwọn tó mu bísáàpù náà wà níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Àwọn kan ní kí ni mo ń wú òkú sókè sí, pé ó ti pẹ́ jù. Ẹnìkan dìde, ó jáde, kò kí mi. Ojú tì mí gan-an, ṣùgbọ́n mo sùn lálẹ́ àná, irú oorun tí mi ò sùn rí láti ìgbà tí mo wà ní ìyàwó. Àkọ́bí Ìyá Onígíláàsì ní òun á bá mi lọ sí Broukro lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀ láti tọrọ àforíjì nítorí ìyá òun.

Bí wọ́n bá lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí òkúta méjì, ilé wà. Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, mo kàn gbé bàsíà díẹ̀ síbẹ̀ ni, màá kó wọn kúrò. Ebi ò ní pa ọ́ lọ́dọ̀ mi. Tí o bá sì yọ wọ́n, n kò ní lé ọ, ìyá rẹ ni mí. Ṣùgbọ́n màá mọ̀.

Bí a bá dé ọ̀dọ̀ Sìáká lọ́jọ́ Àlàmísì, ó máa béèrè rẹ kí ó tó béèrè nǹkan míì. Ránṣẹ́ sí mi ṣáájú ọjọ́ náà, ọmọ mi, kí o sọ ohun tí n ó wí fún un.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.